Ẹni Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Dárúkọ

Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò náà bá fẹ́ mọ aago mélòó ló lù, kì í bi Bàbá Àlàyé. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kò ní aago. Aago wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù ni pé kó tó sọ aago tó lù, yóò kọ́kọ́ sọ bí aago náà ṣe máa ń yá díẹ̀, ohun tó fà á tó fi ń yá, àti ohun tó yẹ kí èèyàn yọ kúrò nínú ohun tó bá rí lójú rẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi parí, aago mìíràn ti lù. Onígbàjámọ̀ rẹ̀ ti wá ọgbọ́n sí i: bó bá ti rí i tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀rọ ìgẹrun ni yóò tàn, kí ariwo lè bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò ní ẹ̀rọ kankan tó lè tàn. Ohun tí òun máa ń ṣe ni pé yóò ti ní, "Ó yé mi, Dádì," kí ọkọ rẹ̀ tó la ẹnu.

Ẹ má bínú sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe èdè kọ̀ǹpútà ló gbà á nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Kì í ṣe èdè tí à ń fẹnu sọ. Èdè tí èèyàn ń kọ sínú kọ̀ǹpútà láti fi rán an níṣẹ́ ni. Gbogbo ohun tó wà nínú èdè náà kò ju àwọn irinṣẹ́ kéékèèké lọ. O kó nǹkan fún irinṣẹ́, irinṣẹ́ wò ó, ó dá èsì padà fún ọ, kò sì ba ohun tí o kó fún un jẹ́. Bó ṣe bá a náà ló ṣe fi í sílẹ̀. Bí èèyàn bá lè rí àlejò tó ń ṣe báyìí, ọ̀pọ̀ ilé ni ì bá tòrò.

Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tí wọ́n ń kó nǹkan sí. Òmíràn ní ẹyọ kan, òmíràn ní méjì tàbí mẹ́ta. Ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sórí irinṣẹ́ náà, kí àwọn oníbàárà lè rí i kà: ohun báyìí ni kí ẹ fi sí àyè àkọ́kọ́, ohun báyìí ni kí ẹ fi sí ìkejì, ohun báyìí ni ẹ ó rí gbà. Ẹni yẹn ni Bàbá Àlàyé. Ní irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ ló ń gba ìyìn, àwọn tó ń tà á ló ń gba ọkọ̀. Ẹni tó ń kọ àlàyé a máa gba ímeèlì láti ọ̀dọ̀ àwọn tí àlàyé ò yé.

Síbẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀. Yóò dìde lórí àga, yóò lọ dúró lẹ́yìn ẹni tó ṣe irinṣẹ́, yóò ní, "Bí n kò bá fi nǹkan kan sí àyè yìí ńkọ́? Bí mo bá fi ohun tí kò yẹ síbẹ̀ ńkọ́?" Àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ ò fẹ́ràn ìbéèrè yìí, torí àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn nínú wọn a máa sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Yóò dúró dè wọ́n lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ìyàwó rẹ̀ ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo. Òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló mú un lọ síléèwé, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ bá òun jà, kó fọwọ́ kan àbúrò yẹn. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, Bàbá Àlàyé ò gbádùn oúnjẹ nílé mọ́. Kì í ṣe pé oúnjẹ ò dùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bù sí i ló pọ̀ ju iyọ̀ lọ. Nígbẹ̀yìn ó mú àna rẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́, ó kọ́ ọ níṣẹ́, ó fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Gé-e-Kúrú. Ohunkóhun tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, gígé ni yóò gé e. Kó tó dé, àlàyé kan lè kún ojú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn tó dé, ó di ìlà méjì, àfi bí ẹnì kan bá bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ mẹ́ta. Ó ní ayé ti yí padà, àwọn èèyàn ò ráyè kàwé mọ́. Òótọ́ ló sọ. Òun gan-an ò ráyè kà á kó tó gé e.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé gígé kì í ṣe kíkọ. Iye àlàyé tí orúkọ èèyàn bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni iléeṣẹ́ fi ń mọ̀ bóyá kí wọ́n gba ẹni tuntun dúró tàbí kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ, orúkọ Gé-e-Kúrú kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbì kankan. Ìyàwó gbọ́. Ó dúró ti ọkọ rẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó mú aṣọ ìnuwọ́ dání.

"Dádì, ẹ máa kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ tiyín."

"Mọ́ tèmi níbo?"

"Nísàlẹ̀ àwọn ohun tí ẹ ń kọ. Àbí orúkọ wúwo ni? Ṣé yóò já lé yín lórí ni?"

"Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ àlàyé, òun la gbà pé ó kọ ọ́? Bí wọ́n bá wá fẹ́ mọ ohun tí kálukú..."

"Ó yé mi. Ẹ ṣáà kọ ọ́ mọ́ ọn."

Ó kọ ọ́ mọ́ ọn. Láti ìgbà náà lọ, ohun gbogbo tí Bàbá Àlàyé bá kọ, orúkọ méjì ló ń bẹ nísàlẹ̀ rẹ̀. Gé-e-Kúrú náà kì í ṣe aláìmoore. Gbogbo ohun tó bá gé, ó ń kọ orúkọ Bàbá Àlàyé mọ́ ọn. Iléeṣẹ́ gbà á dúró. Ó yẹ kí wọ́n padà pín orúkọ wọn níyà, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ dá a sílẹ̀? Bàbá Àlàyé ń wojú ìyàwó rẹ̀. Gé-e-Kúrú ń wojú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ náà di bárakú.

Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Fiwé.

Àyè méjì ni Fiwé ní. Fi ẹnì kan sí àyè àkọ́kọ́, fi ẹlòmíràn sí ìkejì, Fiwé yóò sọ ẹni tó yẹ kó ṣáájú. Bí àwọn méjèèjì bá dọ́gba, ẹni tó wà ní àyè àkọ́kọ́ ni yóò ṣáájú. Kò sí ohun tó le nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n èdè náà ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní páìpù. Dípò kí èèyàn kó ẹni méjèèjì lé Fiwé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè kọ orúkọ ẹnì kan síbẹ̀rẹ̀ ìlà, kó sì tì í gba inú páìpù lọ bá Fiwé, tí yóò ti mú ẹnì kejì dání dè é. Ó rẹwà lójú. Gbogbo iléeṣẹ́ ló fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀fìn tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí Fiwé ti mú dání ti gba àyè àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó gba páìpù wọlé, àyè kejì ló máa bá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ.

Bàbá Àlàyé rí ọ̀fìn yìí, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí àpamọ́wọ́ he. Ó kọ ọ́ sínú àlàyé Fiwé: "Ẹ ṣọ́ra. Ẹni tí ẹ bá tì gba inú páìpù, àyè kejì ló ń bọ́ sí, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ṣáájú lójú ìwé. Bí àwọn méjèèjì bá wá dọ́gba, ẹni tí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ni yóò kẹ́yìn." Ó kà á sókè sí ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó lọ po tíì.

Nígbà tó fi máa gbé ife tíì rẹ̀ padà dé, Gé-e-Kúrú ti gé e. Ohun tó kù ni: "Àyè kìíní: ẹni àkọ́kọ́. Àyè kejì: ẹni kejì. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹni àkọ́kọ́ ló ń ṣáájú."

"Níbo lo gbé ìkìlọ̀ mi sí?"

"Bọ̀ọ̀dá, ó ti gùn jù."

"Kí ni 'ẹni àkọ́kọ́'? Ẹni tí a kọ́kọ́ kọ ni, àbí ẹni tó kọ́kọ́ dé ọwọ́ Fiwé?"

"Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Ta ni ò mọ àkọ́kọ́?"

"Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni kó mọ èyí tí à ń sọ."

"Ẹ ò rí i? Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Obìnrin ni Ọ̀gá, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti Bàbá Àlàyé, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un gan-an, pàápàá bó bá fẹ́ dá a lẹ́bi. Ó ka ti ẹ̀gbọ́n, ó ka ti àbúrò. Ó ka ti àbúrò tán kó tó jókòó.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo wa. Àmọ́ tiyín ti gùn jù."

"Ẹnì kan máa ṣì í lò, mà."

"Ta ni yóò ṣì í lò? Ẹni tí kò bá mọ páìpù, kí ló wá ṣe nínú èdè wa?"

Gé-e-Kúrú bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àlàyé gbé ìkìlọ̀ rẹ̀, ó padà sórí àga rẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì ló sì wà nísàlẹ̀ ohun tí wọ́n fi síta.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá kú síbẹ̀. Àmọ́ iléeṣẹ́ ra ẹ̀rọ kan tó ń kọ àlàyé fúnra rẹ̀. Wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n sọ fún wọn pé ẹ̀rọ náà kò wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwọn méjì tó ń kọ àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n nílò láti máa ṣọ́ ẹ̀rọ náà. Èkejì yóò máa lọ sílé.

Bàbá Àlàyé mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún òun. Gé-e-Kúrú ṣì lè ríṣẹ́ níbòmíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ara rẹ̀ yá gágá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́. Ta ni yóò gba àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti funfun, tí wọ́n bá bi í pé ṣé ó mọ iṣẹ́ náà, tí yóò ní, "Ó kù síbi tí ẹ bá fẹ́ kí n ti bẹ̀rẹ̀"? Bí wọ́n bá dá a dúró níbẹ̀, iṣẹ́ ti tán fún un pátápátá nìyẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà níléèwé.

Ọ̀gá ní òun ò ní ṣe ojúsàájú. "Irinṣẹ́ ọwọ́ wa la máa lò," ó ní. "Bí a bá ń tà á fún aráyé pé ó ń fi òótọ́ fi nǹkan wéra, ó yẹ kí àwa náà lè fi ara wa sínú ẹ̀." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Iye àlàyé tí kálukú kọ, iye ẹ̀sùn oníbàárà tó dá lórí iṣẹ́ kálukú, iye ìgbà tí wọ́n yìn ín: gbogbo rẹ̀ ni Fiwé yóò wò, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba Gé-e-Kúrú dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń retí èsì, ìyàwó Bàbá Àlàyé ń gbàdúrà láàárọ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀. Àdúrà náà kò lórúkọ nínú. "Kí iṣẹ́ náà já mọ́ ẹni tó yẹ lọ́wọ́," ohun tó ń wí nìyẹn. Bàbá Àlàyé dúró díẹ̀, bóyá yóò ṣàlàyé ẹni tó ń wí. Obìnrin náà ní "Àmín," ó dìde, ó lọ gbé omi kaná.

Ọ̀gá pè é ní ọ̀sán. "Bàbá, ẹ jókòó." Nígbà tí ọ̀gá bá ní kéèyàn jókòó kó tó kí i, èèyàn ti mọ ohun tó kù.

"Àbúrò yín ni Fiwé mú," ni Ọ̀gá wí. Omi ti fẹ́ máa lé ròrò sí i lójú, ó sì jọ pé kì í ṣe ẹ̀tàn. "Kí ẹ má bàa rò pé mo rẹ́ yín jẹ, ẹ wá fojú ara yín wò ó. Ẹ dọ́gba níbi gbogbo. Iye kan náà, ẹ̀sùn kan náà, ìyìn kan náà, bí ìgbà tí ẹnì kan ń wo dígí. Mo ti rò ó pé ẹ lè dọ́gba. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ yín, kó lè jẹ́ ẹ̀yin ni yóò ṣáájú. Ẹ gbọ́, Bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́. Àmọ́ Fiwé ní kì í ṣe ẹ̀yin. N kò mọ ohun tó rí tí èmi ò rí."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Bàbá Àlàyé wò ó. Orúkọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà. Páìpù tẹ̀ lé e. Fiwé tẹ̀ lé páìpù, ó mú orúkọ Gé-e-Kúrú dání.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n mọ̀ rẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín, Bàbá?"

"Páìpù lẹ lò, mà."

"Páìpù ni gbogbo wa ń lò."

"Ẹni tó bá gba páìpù, àyè kejì ló ń bọ́ sí. Orúkọ mi lẹ kọ́kọ́ kọ. Ẹ̀yìn lẹ fi mí sí."

Ọ̀gá wò ó bí ẹni pé ó bú u. Ó fa pátákó ìtẹ̀wé mọ́ra, ó yọ páìpù kúrò, ó kó orúkọ méjèèjì lé Fiwé lọ́wọ́, ti Bàbá Àlàyé níwájú, ti àna rẹ̀ lẹ́yìn. Ó tẹ̀ ẹ́. Èsì yí padà lójú àwọn méjèèjì.

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò kọ èyí sínú àlàyé?" Ọ̀gá bi í. Inú ti ń bí i.

"A kọ ọ́, mà. Ẹ ní ó gùn jù."

Ohùn obìnrin náà wálẹ̀. Ó ní ìwé ìpinnu náà ti lọ sókè láti àárọ̀. Ó ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé irinṣẹ́ ọwọ́ wọn ló ṣe ìdájọ́, pé kò sí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀. Àwọn tó wà lókè ti fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ńláńlá, kí wọ́n lè rí bí iléeṣẹ́ ṣe nígboyà tó. "Bí mo bá padà lọ sọ fún wọn pé èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá nídìí èdè yìí ò mọ̀ ọ́n lò, wọn ò ní dá yín padà, Bàbá. Èmi náà ni wọ́n máa lé tẹ̀ lé yín. Kí wá ni èrè ẹ̀?"

Bàbá Àlàyé lè ṣàlàyé èrè ẹ̀. Ó tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó nínú: àkọ́kọ́, pé ó jẹ́ òótọ́, ìkejì... Ó wo ojú Ọ̀gá, ó rí i pé àlàyé ò ní rí àyè wọ ibẹ̀.

"Ó yé mi, mà," ó ní. Ó dìde.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ló bi í.

"Àbúrò ẹ ló mú."

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Ohun tó wà lẹ́yìn ọwọ́ náà, ọkọ rẹ̀ ò rí i. Ó lè jẹ́ ẹkún. Ó lè jẹ́ ọpẹ́. Ó ní, "Háà, Dádì. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ó dùn yín?"

Ó la ẹnu láti sọ ọ́: páìpù, àyè, orúkọ méjì nísàlẹ̀ ohun gbogbo, àti ẹni tó ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí. Bó bá sọ ọ́, obìnrin yìí gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú òun àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Fiwé kan ti fi í sí ẹ̀yìn lọ́sẹ̀ yẹn. Kò fẹ́ kí òmíràn tún gbìyànjú ẹ̀ wò nínú ilé.

"Ó dùn mí díẹ̀," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ dúró kó gbọ́ ìyókù. Kò sí ìyókù. Ìyẹn dẹ́rù bà á ju kí ọkọ rẹ̀ ké lọ.

Báyìí ni Bàbá Àlàyé ṣe di ará ilé. Ó kọ̀wé wá iṣẹ́ kiri. Àwọn tó fèsì ní ìwé náà gùn jù. Ó ń tún àwọn nǹkan tí kò bàjẹ́ ṣe. Ó kọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣí fèrèsé palọ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé. Gé-e-Kúrú kì í gbàgbé wọn. Ó máa ń wá lópin ọ̀sẹ̀, yóò gbé àpò ìrẹsì kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ilé o." Yóò kí i tọkàntọkàn. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà ń ṣe fáàrí ni, èèyàn ì bá rí nǹkan kórìíra.

Lọ́jọ́ kan, ó wá láìgbé nǹkan kan dání. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbà mí. Àwọn oníbàárà ti fẹ́ pa mí. Wọ́n ní Fiwé ń da èsì rú. Àwọn tó yẹ kó ṣáájú ń kẹ́yìn. Mo ní kí ẹ̀rọ ṣàlàyé ẹ̀, ẹ̀rọ ní ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́."

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

Gé-e-Kúrú wolẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wí. Ẹ ṣáà bá mi ṣàlàyé ẹ̀. Bó gùn, kó gùn."

Bàbá Àlàyé ti ń retí kí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná, ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní òun ò ṣàlàyé, obìnrin náà yóò bèèrè ìdí. Bó bá ṣàlàyé, kò ní pẹ́ kó tó dé ibi tí kò fẹ́ dé. Ó wo ìkan, ó wo ìkejì. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń fa ife méjì mọ́ra lórí tábìlì kó tó mọ̀.

"Ife pupa rèé. Ife funfun rèé. Ìwọ, na ọwọ́ ẹ méjèèjì. Ìwọ ni Fiwé."

Gé-e-Kúrú na ọwọ́.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni àyè àkọ́kọ́. Ọwọ́ òsì ni ìkejì. Ní báyìí, ọ̀gá kan fẹ́ kí ife pupa ṣáájú. Ó kọ́kọ́ dárúkọ pupa. Ṣé o gbọ́? 'Pupa,' ó ní. Àmọ́ ó ti pupa sínú páìpù, pupa ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Kó tó dé, kí ni Fiwé ń ṣe?" Ó gbé ife funfun lé e ní ọwọ́ ọ̀tún. "Ó ti mú funfun dání. Ó ń dúró. Pupa wá dé. Ọwọ́ wo ló ṣófo?"

"Òsì."

"Òsì." Ó gbé ife pupa síbẹ̀. "Òun ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Òun ló kẹ́yìn."

Gé-e-Kúrú wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ojú rẹ̀ là kedere. "Haa! Bọ̀ọ̀dá! Ẹ sọ ọ́ nígbà yẹn!" Ó gbé ife sílẹ̀, ó yọ fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Kò gé nǹkan kan kúrò.

Ìyàwó ló bèèrè. "Ṣé ìgbà gbogbo ni ẹni tó gba páìpù ń kẹ́yìn?"

"Rárá. Bó bá sàn ju ẹnì kejì lọ, yóò ṣáájú. Bí wọ́n bá dọ́gba nìkan ni."

"Kí ló lè mú kí ẹni méjì dọ́gba níbi gbogbo?"

Bàbá Àlàyé ò dáhùn. Ó ń yí ife pupa po lórí tábìlì. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ wà, kò tíì sí ìbéèrè tí obìnrin yìí bi í tó lọ láìní ìdáhùn, àní èyí tí kò bi í pàápàá. Obìnrin náà wo ife, ó wo ojú rẹ̀. Aṣọ ìnuwọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Èmi ni mo ní kí ẹ kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ ọn," ó ní.

Ìka Gé-e-Kúrú ń falẹ̀ lórí fóònù. Ó dúró.

"Bọ̀ọ̀dá. Ta ni Ọ̀gá kọ́kọ́ dárúkọ?"

"Èmi."

"Ṣé Ọ̀gá mọ̀?"

"Ó mọ̀ kí n tó dé ilé lọ́jọ́ náà."

Gé-e-Kúrú jókòó, fóònù ṣì ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nǹkan kan wà tó yẹ kó sọ, àkókò rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń wò ó, ó ń retí i. Bàbá Àlàyé náà ń retí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ì bá sẹ́ bí wọ́n bá bi í. Gé-e-Kúrú gbé ojú sókè, ó tún gbé e wálẹ̀. Ìyàwó tirẹ̀ náà lóyún nílé.

"Wọ́n ń retí mi," ó ní. "Àwọn oníbàárà." Ó wọ bàtà rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá." Kò sí ohun tó gé kúrò nínú ìyẹn náà, bó ṣe mọ nìyẹn.

Ìyàwó gbá ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn àbúrò rẹ̀. Ó padà wá, ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ó ti gùn jù," ni Bàbá Àlàyé wí.

Obìnrin náà kó ife méjèèjì, ó lọ fọ̀ wọ́n. Ó fọ̀ wọ́n pẹ́. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, àpò ìrẹsì dé, ẹlòmíràn ló gbé e wá. Ìyàwó jẹ́ kó wà lẹ́nu ọ̀nà di ìrọ̀lẹ́ kó tó gbé e wọlé. Wọ́n sè é.

Kó tó di ìgbà yẹn, ní ọjọ́ kejì tí àna rẹ̀ wá bèèrè àlàyé, Bàbá Àlàyé ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wá ojú ìwé Fiwé. Àlàyé tuntun ti wà níbẹ̀. Ó gùn. Ohun tó sọ lórí tábìlì ló wà níbẹ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ife pupa, ife funfun, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún un kà, ó ń wá àṣìṣe. Kò rí ẹyọ kan.

"Kí lẹ ń kà, Dádì?" ìyàwó rẹ̀ bi í láti ilé ìdáná.

"Àlàyé."

"Ta ló kọ ọ́?"

Ó pa kọ̀ǹpútà dé.

"Àbúrò ẹ," ó ní.